Owó Ìrànwọ́ Ìjọba àti Owó Orí Ilé: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Mọ̀ Lẹ́yìn Omíyalé

Ẹ̀yin ará wa ní Ìwáyà, láti ìgbà tí omi ti lé yín kúrò nílé ni ẹ ti ń bi àwọn òṣìṣẹ́ wa ní ìbéèrè méjì kan. Àkọ́kọ́ ni pé: "Wọ́n ti kọ orúkọ mi fún owó ìrànwọ́ ìjọba. Ṣé mo ṣì máa san owó orí ilé?" Èkejì ni pé: "Owó ìrànwọ́ tí mo ń retí kò wá mọ́. Ṣé wọ́n máa fagi lé ẹ̀dínwó tí mo ń rí lórí owó orí ilé?"

Ìdáhùn wa ni pé ọ̀tọ̀ ni owó ìrànwọ́, ọ̀tọ̀ sì ni owó orí ilé. Bí orúkọ yín ṣe wọlé síbì kan kò dín tibì kejì kù. Bí wọ́n ṣe yọ ọ́ kò sì fi kún un. Ohun tó lè yí owó orí ilé yín padà ni ẹni tó ń gbé inú ilé náà. Ìyẹn gan-an ni omíyalé sì ti yí padà fún púpọ̀ nínú yín.

Kí ni owó orí ilé?

Owó tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ń gbà lọ́wọ́ onílé lọ́dọọdún ni. Ẹ máa rí "Land Use Charge" lórí ìwé rẹ̀. Kì í ṣe owó ilé tí ayálégbé ń san fún lańlọ́ọ̀dù. Owó mẹ́ta tó máa ń wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n dà pọ̀ mọ́ra: owó ilẹ̀ ti ìjọba, owó tẹ́nẹ́mẹ́ǹtì ti ìjọba ìbílẹ̀, àti owó àtúnṣe àdúgbò.

Onílé ló ni gbèsè yìí. Bí wọn kò bá rí onílé, tí wọ́n sì ní kí ayálégbé san án, kí ayálégbé tọ́jú rìsíìtì rẹ̀ dáadáa, nítorí òfin fún un láyè láti gba owó náà padà lára onílé.

Kí ló yí padà lórí owó ìrànwọ́?

Ní oṣù kẹwàá 2023, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦25,000 lóṣù, fún oṣù mẹ́ta, fún àwọn ìdílé tí orúkọ wọn wà nínú ìwé àwọn aláìní. Ní oṣù kìíní 2024, wọ́n dá a dúró láti ṣe ìwádìí. Nígbà tí wọ́n máa padà sẹ́nu rẹ̀, wọ́n ní àwọn tí nọ́ńbà NIN àti BVN wọn bá pé ni àwọn máa san án fún. Nítorí náà, orúkọ nìkan kò tó mọ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, tí kò ní NIN, lè máa retí títí.

Ṣùgbọ́n ẹ fojú sí èyí: nínú àwọn ìdí tí òfin Èkó fi ń ṣe ẹ̀dínwó owó orí ilé, kò sí èyí tó sọ pé "nítorí pé ó ń gba owó ìrànwọ́." Bí owó náà bá dé, ẹ gbà á láìfòyà, kò ní mú owó orí ilé yín lọ sókè.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tàbí àbúrò ní Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ ohun mìíràn lẹ́nu wọn, irọ́ kọ́ ni wọ́n sì ń pa. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀dínwó lórí owó orí ilé ń tẹ̀ lé owó ìrànwọ́. Bí owó ìrànwọ́ ẹnì kan bá yí padà níbẹ̀, àfi kó tètè sọ fún káńsù rẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2013, káńsù kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe ètò tirẹ̀ fún àwọn tí kò tíì dàgbà tó láti fẹ̀yìn tì. Tiwọn nìyẹn. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Ta ló ń gbé inú ilé náà?

Ibí ni kí ẹ ti ṣọ́ra. Nínú òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2020, ohun tí wọ́n ń gbà lórí mílíọ̀nù náírà kọ̀ọ̀kan nínú iye ilé, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ẹ̀dínwó, nìyí:

- Bí onílé nìkan àti ìdílé rẹ̀ bá ń gbé ibẹ̀: ₦394.
- Bí onílé àti ayálégbé bá jọ ń gbé ibẹ̀: ₦1,320.
- Bí ó bá jẹ́ ayálégbé nìkan ló wà níbẹ̀: ₦3,940.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé mílíọ̀nù mẹ́wàá ni iye ilé kan. Nígbà tí onílé nìkan ń gbé ibẹ̀, ₦3,940 ló ń san. Bí ó bá gba ayálégbé sí yàrá méjì, ó di ₦13,200. Bí òun fúnra rẹ̀ bá kó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Bàrígà, tó sì fi gbogbo ilé sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó, ó di ₦39,400. Ilé kan náà ni o, omi kan náà ló sì wọ̀ ọ́.

A kò sọ pé kí ẹ má gba ayálégbé. Owó wọn lè jẹ́ ohun tí ẹ máa fi ra páànù. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹ ṣírò èyí mọ́ ọn kí ẹ tó gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà àti òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì

Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ń gbé inú ilé ara rẹ̀ kì í san owó orí ilé rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, tí kò ṣiṣẹ́ owó mọ́. Bí owó ìfẹ̀yìntì yín bá lọ sókè tàbí tó pẹ́ kó tó wọlé, ìyẹn kò gba ẹ̀tọ́ yìí lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dínwó tún wà fún onílé tó ti pé àádọ́rin ọdún àti fún ẹni tó ní ìpèníjà ara. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé orí gbígbé inú ilé náà ni ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì dúró lé. Màmá tó ti fẹ̀yìn tì, tó lọ ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ títí ilé á fi gbẹ, kó má dákẹ́. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ fún ìjọba pé omi ló lé òun jáde, òun kò fi ilé háyà, òun sì ń padà bọ̀.

Ohun tí ẹ máa ṣe báyìí

1. Ẹ ya fọ́tò ibi tí omi dé lára ògiri, kí ẹ sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀.
2. Ẹ sá ìwé ilé, ìwé ìfẹ̀yìntì àti rìsíìtì àtijọ́ síbi afẹ́fẹ́, ẹ má sá wọn sóòrùn líle. Ẹ ya fọ́tò wọn pẹ̀lú.
3. Bí ògiri bá ti ya tàbí tí apá kan ilé ti wó, ẹ kọ̀wé béèrè pé kí wọ́n wá tún ilé náà wò. Iye ilé wà nínú ìṣirò owó náà.
4. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí ìwé owó orí náà. Bí ọjọ́ bá kọjá, owó ìtanràn máa ń gun orí rẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà yín kó tó di ìgbà náà.
5. Bí fóònù yín bá bómi lọ, ẹ fi NIN gba síìmù náà padà, kí ìpè nípa owó ìrànwọ́ má baà fò yín.
6. Ẹ má san owó fún ẹnikẹ́ni kí orúkọ yín lè wọ ìwé àwọn aláìní. Ẹ má sì fi owó orí ilé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Báńkì ni kí ẹ ti san án.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní etí ọ̀sà, tí ìwé owó orí kò dé ilé pákó yín rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ yìí dẹ́rù bà yín. Oúnjẹ àti mátírẹ́ẹ̀sì tí à ń pín kò ní í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. A kì í bi ẹnikẹ́ni ní ìwé owó orí kí a tó fún un.

Bí lẹ́tà kíkọ bá nira fún yín, ẹ mú ìwé náà wá síbi tí ẹ ti ń gba oúnjẹ. Àwọn òṣìṣẹ́ wa á jókòó tì yín, wọ́n á sì bá yín kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́.