Ṣé O Mọ̀? Eré àti Ọgbọ́n Nínú Ìdíje Ọkọ̀ Onígbòkun

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1876 ni ọkọ̀ oníkùn méjì, tí wọ́n ń pè ní catamaran, ti ń da oníkùn kan láàmú? Nathanael Herreshoff gbé Amaryllis, catamaran rẹ̀, wọ ìdíje ní New York, ó sì fi àwọn tó bá a díje sẹ́yìn. Wọ́n fẹ̀hónú hàn, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú ìdíje. Ẹni tí wọn ò lè lé bá, wọ́n fi òfin mú un.

Ṣé o mọ ohun tó ń dá oníkùn kan dúró? Ìgbì tí òun fúnra rẹ̀ ń rú sókè ni. Bó ti ń sáré sí i ni ìgbì náà ń gùn sí i, títí tí yóò fi máa pọ́n ọn bí ẹni ń pọ́n òkè. Ikùn catamaran tẹ́ẹ́rẹ́, kì í rú omi tó bẹ́ẹ̀, kò sì ru òjé sábẹ́. Àmọ́ bó bá dojú dé, ó di kí wọ́n wá gbé e. Ní ti oníkùn kan, òjé abẹ́ rẹ̀ ni yóò fà á dìde.

Ṣé o mọ̀ pé kò sí ọkọ̀ onígbòkun tó lè dojú kọ afẹ́fẹ́ tààrà? Yíyà sọ́tùn-ún, yíyà sósì ni, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n wà. Nínú eré keje ìdíje ọkọ̀ onígbòkun America's Cup ọdún 1983, ní Newport, Dennis Conner, ọ̀gá ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ló ń ṣíwájú kí ọkọ̀ Australia II tó kọjá lára rẹ̀. Ní apá ìkẹyìn, Conner yà ju ogójì ìgbà lọ kó lè bọ́. Bó ti ń yà ni John Bertrand, ọ̀gá ọkọ̀ Australia II, ń yà tẹ̀ lé e, tó ń fi ìgbòkun dí afẹ́fẹ́ mọ́ ọn. Bí ife tó ti wà ní Amẹ́ríkà fún ọdún 132 ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn nìyẹn.

Catamaran ò jẹ́ dán irú ẹ̀ wò. Ó fúyẹ́, bó bá ti yà, eré ẹ̀ ti kú nìyẹn. Àwọn kan ní ó ti pa ọgbọ́n. Èmi ò gbà: àṣìṣe ló túbọ̀ wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé ní San Francisco lọ́dún 2013, ẹgbẹ́ New Zealand ti ń na ẹgbẹ́ Oracle 8-1 nínú America's Cup, tí Oracle sì gba ife náà 9-8? Orí catamaran tó ń fò lórí ìyẹ́ abẹ́ omi ni wọ́n wà, ó ń sá ju kìlómítà 75 lọ ní wákàtí kan. Oracle pe Ben Ainslie wọlé kó máa fọgbọ́n darí wọn. Wọ́n sì tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń fò lòdì sí afẹ́fẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé oníkùn kan náà ti ń fò báyìí? Ní Auckland lọ́dún 2021, nínú eré kẹjọ America's Cup, ọkọ̀ New Zealand já bọ́ sómi, Luna Rossa tó ń bá wọn díje sì fi wọ́n sílẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Afẹ́fẹ́ rọ̀, Luna Rossa náà já bọ́, New Zealand sì fò kọjá.