Ṣé Búrẹ́dì Ló Ń Fọn Fèrè Sínú Etí Ìyá Oníbúrẹ́dì?

Ẹ̀yin ìyá wa lọ́jà, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́ gbogbo, ọ̀rọ̀ kan ló ń jà ràn-ìn ní Ajégúnlẹ̀ tí a fẹ́ bá yín tú palẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀rọ̀ etí tó ń hó ni. Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n? Ilé á ti parọ́rọ́, gbogbo èèyàn á ti sùn, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì á ti kú, síbẹ̀ etí ẹni á máa dún yìììn bí ẹni pé kòkòrò kó síbẹ̀. Ẹlòmíì ní tòun dà bí omi tó ń hó lórí iná. Ẹlòmíì ní fèrè ni.

Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì nítòsí ọjà Boundary ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá bá wa. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà lẹ́nu òwò yìí, búrẹ́dì ló fi rán ọmọ mẹ́rin nílé ìwé. Nígbà tí etí rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í hó, àwọn aládùúgbò ní ẹnì kan ló ń sọ ọ́ láìdáa lẹ́yìn. Ó gbààwẹ̀, etí ò dákẹ́. Ni ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní London bá pè é lórí fóònù: "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ búrẹ́dì mọ́ o. Wọ́n ní ohun kan wà nínú fúláwà tó ń jẹ́ gluten, òun ló ń jẹ́ kí etí máa hó. Tí ẹ bá ti yéé jẹ ẹ́, etí yín á dákẹ́."

Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó ń ta búrẹ́dì ni wọ́n ní búrẹ́dì ń bá jà. Ìyá yìí gbọ́ràn sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, kò fẹnu kan búrẹ́dì fún oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò ṣe é fi pamọ́ lọ́jà. Oníbàárà kan gbọ́, ó sọ fún èkejì, kò pẹ́ kò jìnnà, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún ìsọ̀ rẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó. "Ẹni tó ń tà á ò lè jẹ ẹ́, èmi wá fẹ́ rà á fọ́mọ?" Ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn. Ó ní: "Ẹ bá mi wádìí ẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́, kí n tètè wá nǹkan mìíì tà. Tó bá jẹ́ irọ́, ẹ bá mi gbé e síta."

A wádìí ẹ̀.

Gluten kì í ṣe májèlé tí àwọn oníbékìrì ń bù sí búrẹ́dì. Ara àlìkámà ló wà, ìyẹn wíìtì, ó sì wà nínú báálì náà. Òun ló ń jẹ́ kí fúláwà tí a pò máa fà bíi rọ́bà, tí búrẹ́dì fi ń wú. Ní Àpápá tiwa níbí, láti ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Flour Mills of Nigeria ti ń lọ àlìkámà tí ọkọ̀ òkun ń kó wá. Búrẹ́dì, pọfupọ́ọ̀fù, mítípáì, súpàgẹ́tì, núdùsù, títí kan wíìtì tí a ń rò jẹ bí òkèlè, gluten wà nínú gbogbo wọn.

Àwọn kan wà lóòótọ́ tí gluten jẹ́ ọ̀tá wọn. Àrùn celiac ni wọ́n ń pe tiwọn. Dókítà àwọn ọmọdé kan ní Netherlands, Willem Dicke, ló tú àṣírí ẹ̀. Ó ti ń fura sí àlìkámà tipẹ́. Nígbà tí ìyàn ogun mú níbẹ̀ ní 1944 sí 1945, tí búrẹ́dì ò sí, ara àwọn ọmọ tó ní àrùn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Búrẹ́dì padà dé, àìsàn náà padà dé. Ní Yúróòpù, bí ẹnì kan nínú 100 ló ní i. Inú ló sábà máa ń kọ́kọ́ bá jà: ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ bọ̀rọ̀, inú wíwú, kí èèyàn máa rù, kí ẹ̀jẹ̀ má tó lára. Ẹni tó bá ń ṣe báyìí, kó má tíì yéé jẹ búrẹ́dì títí wọ́n á fi yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, nítorí tó bá ti fi oúnjẹ ọ̀hún sílẹ̀, àyẹ̀wò lè má rí i mọ́.

Etí ńkọ́? Àwọn dókítà kan ti yẹ etí àwọn tó ní celiac wò bóyá àrùn náà ń dé ibẹ̀, èsì wọn ò bára mu. Ṣùgbọ́n pé ẹni tí kò ní celiac á fi búrẹ́dì sílẹ̀ tí etí rẹ̀ á sì dákẹ́, kò sí ìwádìí gidi tó fìdí ìyẹn múlẹ̀. Kódà ní 2014, nígbà tí àwọn dókítà etí, imú àti ọ̀fun ní Amẹ́ríkà gbé ìlànà jáde lórí etí tó ń hó, wọ́n ní kí dókítà má ṣe sọ fún aláìsàn pé kó ra ginkgo, zinc àti irú àwọn hóró bẹ́ẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ẹ tún wo tiwa nílé. Àwọn dókítà Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akeem Lasisi àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, gbé ìwádìí jáde ní 2010 lórí àwọn àgbàlagbà ilẹ̀ Yorùbá. Bí 14 nínú 100 ló ní etí àwọn ń hó. Àwọn bàbá àti ìyá wọ̀nyí, ṣé búrẹ́dì ni wọ́n fi dàgbà ni? Àmàlà, ẹ̀bà, iyán, ẹ̀kọ, ẹ̀wà ni, kò sì sí gluten nínú ìkankan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbọ́njú ní 1987 á rántí ìgbà tí ìjọba Babangida fòfin de kíkó àlìkámà wọlé, tí òfin náà sì wà títí di 1992. Búrẹ́dì wọ́n bí ojú. N ò gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé etí òun tìtorí ẹ̀ dákẹ́.

Kí ló wá ń ṣe ìyá oníbúrẹ́dì? Èmi tí mò ń kọ èyí lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Mo kí i, kò gbọ́. Mo tún kí i, ó na ọwọ́ sí etí. Ẹ̀rọ ata ni, ẹ̀yin èèyàn mi! Kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí àpótí búrẹ́dì rẹ̀, àárọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀, ó di ìrọ̀lẹ́. Níwájú, tírélà tó ń lọ sí wọ́ọ̀fù ń fun fèrè. Lẹ́yìn, wẹ́dà ń gé irin.

Nínú etí wa lọ́hùn-ún, àwọn irun tíntìntín kan wà tó ń gba ohùn fún ọpọlọ. Ariwo líle ń pa wọ́n díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì kú kì í hù mọ́. Ọpọlọ wá ń retí ohùn tí kò gbọ́ mọ́, ló bá ń dá ti ara rẹ̀ sílẹ̀, bí ìyá tí ọmọ rẹ̀ rìnrìn àjò tó ń gbọ́ "Màámi" níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti pè é. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ní ariwo tó bá tó decibel 85, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ ni kéèyàn gbà á mọ. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 ti tó. Ẹ ò nílò ẹ̀rọ láti wọ̀n ọ́n: tẹ́ ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tí ọwọ́ yín tó lè gbọ́ yín, ó ti pọ̀ jù. Òwú tí àwọn wẹ́dà ń kì bọ etí kò ràn án. Rọ́bà tí wọ́n dìídì ṣe fún dídí etí ni kí ẹ rà.

Kì í ṣe ariwo nìkan o. Ìdọ̀tí tó dí etí pa ń fà á, ẹ̀jẹ̀ ríru náà lè fà á. Oògùn ńkọ́? Aspirin àpọ̀jù, quinine, chloroquine, abẹ́rẹ́ gentamicin tí àwọn oníkẹ́mísì kan ń gún fún wa bí ẹni ń pín omi, gbogbo wọn lè mú etí hó. Ṣùgbọ́n ẹni tí dókítà fún lóògùn, kó padà lọ bi í kó tó fi í sílẹ̀. Ẹ má sì fi ìyẹ́ adìyẹ tàbí igi ìṣáná ro etí. Ẹni tí etí rẹ̀ kan ṣoṣo ń hó, tàbí tó ń lù kìkì bí àyà ṣe ń lù, kó lọ rí dókítà. Ẹni tí etí rẹ̀ sì ṣàdédé di lójijì, kó má ṣe sùn lé e.

Ìyá ti lọ rí dókítà etí nílé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ẹ́ wò: etí tó kọjú sí ẹ̀rọ ata ti rẹ̀yìn ju èkejì lọ. Wọ́n ní àwọn ò lè jí irun tó ti kú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìgbọ́ràn lè ràn án lọ́wọ́, àti pé ohùn pẹ́lẹ́ kan nínú yàrá lóru á jẹ́ kí ariwo náà má gbà á lọ́kàn. Ó ti gbé àpótí rẹ̀ lọ sí òdìkejì títì. Ó ti padà ń jẹ búrẹ́dì, lójú gbogbo oníbàárà ló sì ti ń jẹ ẹ́, pẹ̀lú àkàrà. Rédíò kékeré ló ń sùn tì báyìí. Bàbá ilé ní òun gan-an ni kò rí oorun sùn mọ́.