A Kò Dárúkọ Rẹ̀, Ṣùgbọ́n Gbogbo Ọjà Mọ̀ Ọ́n: Bí Àkọsílẹ̀ Sàká Ṣe Lè Tú Àṣírí

Yorùbá ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀, á di odindi. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkọsílẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ Mùsùlùmí ń tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà lónìí ṣe rí. A lè pa orúkọ ènìyàn rẹ́ níbẹ̀, kí ẹni tó kà á sì fi làákàyè parí ohun tí a fi pamọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká sọ pé ìgbìmọ̀ kan pín sàká fún àwọn opó ní Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù. Wọ́n gbé e sórí WhatsApp pé opó 24 ló gbà á: 14 ní Ìkìrun, 9 ní Ìnísà. Wọn ò kọ iye ti Òkukù, torí pé ẹnì kan péré ni, wọn ò sì fẹ́ kí ojú tì í. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá mọ ìṣirò ayọkúrò yóò rí i pé ó ku 1. Tí wọ́n bá tún kọ ọ́ pé wọ́n fi ẹ̀rọ ìránṣọ kún ti Òkukù, àṣírí tú nìyẹn.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1990. Ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, wọ́n fún àwọn olùwádìí ní àkọsílẹ̀ ìtọ́jú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọ́n yọ orúkọ kúrò, wọ́n fi ọjọ́ ìbí, akọ tàbí abo, àti nọ́ńbà àdúgbò sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Latanya Sweeney, fi 20 dọ́là ra ìwé orúkọ àwọn olùdìbò ìlú Cambridge, ó sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ènìyàn 6 ló bá gómìnà William Weld pín ọjọ́ ìbí kan náà. 3 jẹ́ ọkùnrin. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń gbé àdúgbò gómìnà. Bó ṣe rí àkọsílẹ̀ àìsàn gómìnà nìyẹn.

Ìdákẹ́ náà a máa sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá bi akọ̀wé pé ṣé ìyá lágbájá gbà, tó ní "Rárá" nígbà tí kò gbà, tó sì ní "Mi ò lè sọ" nígbà tó gbà, kò ní pẹ́ tí gbogbo ayé á fi mọ̀ pé "Mi ò lè sọ" túmọ̀ sí "Bẹ́ẹ̀ ni". Èsì kan náà ló yẹ kó máa fún gbogbo ènìyàn, ìyá náà ì báà gbà, ì báà má gbà.

Àlàfo inú àkọsílẹ̀ tún ní ewu tirẹ̀. Tí a kò bá kọ nǹkan kan síwájú orúkọ Alhaji kan pé ó san sàká, ìyẹn kò sọ pé kò san án. Ó lè ti san án níbòmíràn. Àwọn àgbà onímímọ̀ ti kọ́ wa ní èyí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ọkùnrin tó rìnrìn àjò tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń pè ní mafqūd, a kì í tìtorí pé ìròyìn rẹ̀ kò dé ká sọ pé ó ti kú. Ní mazhab Màlíkì tí à ń tẹ̀lé, tí ìyàwó rẹ̀ bá gbé ọ̀rọ̀ dé iwájú adájọ́, yóò dúró fún ọdún 4 kó tó bẹ̀rẹ̀ opó oṣù 4 àti ọjọ́ 10. Èsì mẹ́ta ló wà: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, a ò tíì mọ̀. Ẹni tó sọ "a ò tíì mọ̀" di "bẹ́ẹ̀ kọ́" ń ro èrò burúkú sí ẹnìkejì rẹ̀. Súrà Al-Hujurat, áyà 12, kọ èyí fún wa, ó sì kọ ìtọpinpin pẹ̀lú.

Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ti Nàìjíríà, tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023, náà ka ẹ̀sìn àti ìlera ènìyàn mọ́ ohun tó gba ìṣọ́ra àrà ọ̀tọ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin akọ̀wé ìjọ, ẹ kọ àpapọ̀ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan, ẹ má pín in sí ìlú-ìlú. Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́, iye ọmọ àti fọ́tò sílẹ̀. Kí ẹ tó gbé ìròyìn jáde, ẹ bi ara yín pé: aládùúgbò tó mọ ìdajì ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ni yóò fi èyí parí?

Kí Ọlọ́hun, Ọba Sattār tó ń bo àṣírí ẹrú Rẹ̀, bo tiwa láyé àti ní ọ̀run. Àmín.