Ẹ̀fọ́ Kọ́láàdì Ò Jẹ̀bi, Iyọ̀ Inú Ìkòkò Ni

Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti Virginia títí dé Mississippi, ẹ̀fọ́ kọ́láàdì kì í wọ́n lórí tábìlì. Wọ́n á sè é lọ́jọ́ ọdún tuntun pẹ̀lú ẹ̀wà olójú dúdú, torí ìgbàgbọ́ wọn ni pé ẹ̀wà ń fa oríire, ewé tútù sì ń fa owó. Wọ́n á sè é lọ́jọ́ Ìdúpẹ́, wọ́n á sè é lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ìpínlẹ̀ South Carolina tilẹ̀ fi òfin sọ ọ́ di ẹ̀fọ́ ìpínlẹ̀ wọn lọ́dún 2011. Ewé náà fẹ̀, ó nípọn, ọmọ ìyá ni òun àti kábéèjì. Bí wọ́n ṣe ń sè é látijọ́ ni pé wọ́n á kọ́kọ́ gbé kókósẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti rẹ sínú iyọ̀, tí wọ́n sì ti fi èéfín yan, kaná, yóò hó títí omi yóò fi gba adùn rẹ̀, kí wọ́n tó da ewé sí i, kí gbogbo rẹ̀ wá jọ rọra máa hó títí ewé yóò fi rọ̀ dẹ̀dẹ̀. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn ọkàn tó gba agbègbè náà kan, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà pé oúnjẹ yìí gan-an ló burú. Èmi kò gbà. Ewé kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Iyọ̀ tí ẹran ń gbé wọnú omi rẹ̀ ni ká bá wí, a sì lè yọ iyọ̀ yẹn kúrò kí oúnjẹ náà má sì pàdánù ohun tó sọ ọ́ di ti àwọn tó ni ín.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀nà tí iyọ̀ náà gbà débẹ̀. Kọ́láàdì kì í ṣe ewé ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn ará Yúróòpù ló gbé irúgbìn rẹ̀ dé Amẹ́ríkà. Ọwọ́ tó sè é ló jẹ́ ti Áfíríkà. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti mọ ẹ̀fọ́ í sè kí wọ́n tó kó wọn sọ́kọ̀, Jessica B. Harris, tó kọ High on the Hog lọ́dún 2011, sì wà lára àwọn tó ti tọpa àṣà oúnjẹ wọ̀nyí padà sọ́dọ̀ wọn. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ ìpín tí olówó ẹrú ń wọ̀n fún wọn. Frederick Douglass kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde lọ́dún 1845 pé ní oko tí wọ́n ti kó òun lẹ́rú ní Maryland, pọ́n-ùn mẹ́jọ ẹran ẹlẹ́dẹ̀, tàbí ẹja tó tó o, àti òṣùwọ̀n bọ́ṣẹ́ẹ̀lì kan ìyẹ̀fun àgbàdo ni àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù. Pọ́n-ùn mẹ́jọ kò pé kílò mẹ́rin. Bí ẹ bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, ohun tó kàn lójúmọ́ jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 120, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ oko láti ìdájí títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọ́n fi iyọ̀ rẹ ẹran náà nítorí pé kò sí fíríìjì. Bí kò bá sí iyọ̀, yóò rà. Ẹni tó sì ń làágùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ń da iyọ̀ ara rẹ̀ nù. Fíríìjì ti dé, ọ̀pọ̀ wọn ti kúrò lóko, síbẹ̀ iyọ̀ kò kúrò nínú ìkòkò. Ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran ti di adùn tí ahọ́n ń retí.

Ohun tí èyí ń ṣe fún ara kì í ṣe àbá lásán. Láàárín ọdún 2003 sí 2007, Yunifásítì Alabama ní Birmingham kó àwọn ènìyàn tó lé ní 30,000 jọ, dúdú àti funfun, tí ọjọ́ orí wọn tó 45 tàbí jù bẹ́ẹ̀, sínú ìwádìí kan tó ń jẹ́ REGARDS, wọ́n sì ń tọpa ìlera wọn. Lọ́dún 2015 wọ́n kéde pé ewu àrùn ọkàn tó wà lórí àwọn tó ń jẹ oúnjẹ irú ti gúúsù jù lọ fi ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tó ń jẹ ẹ́ kéré jù lọ. Lọ́dún 2018 wọ́n tún rí i pé ohun tó ju ìdajì lọ nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọkùnrin dúdú àti funfun, ní ti bí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣe ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn, ni irú oúnjẹ yìí lè ṣàlàyé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n kà sí oúnjẹ gúúsù nínú ìwádìí náà: oúnjẹ díndín, ọ̀rá àfikún, ẹyin, ẹ̀dọ̀ àti àwọn nǹkan inú ẹran, ẹran tí wọ́n ti fi iyọ̀ tàbí èròjà ṣe lọ́jọ̀, àti ohun mímu aládùn. Ẹ̀fọ́ kò sí níbẹ̀. Ẹnì kan lè ní ìwádìí tó kàn ń wo bí ènìyàn ṣe ń jẹun kò lè jẹ́rìí pé oúnjẹ ló fa àrùn, pé òṣì àti àìrówó rí dókítà náà ń pani. Òótọ́ ni. Ní ti iyọ̀, ẹ̀rí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ wà. Nínú ìwádìí DASH-Sodium, tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2001, àwọn olùwádìí ló ń gbọ́únjẹ fún ènìyàn 412, tí wọ́n sì ń yí ìwọ̀n iyọ̀ inú rẹ̀ padà. Bí iyọ̀ ṣe ń dín kù ni ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wọn ń wálẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi rò pé àtúnṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ kò tíì dé ibi tó yẹ kó dé. Ọ̀pọ̀ ilé ti pa ẹlẹ́dẹ̀ tì, wọ́n ti fi apá tàbí ọrùn tòlótòló tí a fi èéfín yan rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rá dín kù, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n inú omi iyọ̀ ni wọ́n ti máa ń rẹ tòlótòló náà kó tó dé orí èéfín, nítorí náà, iyọ̀ ṣì wà níbi tó wà. Ẹni tó bá yọ ẹran, tó wá ju magí mẹ́rin sí i, ó ti gba ẹnu ọ̀nà mìíràn mú iyọ̀ kan náà wọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó gíráàmù márùn-ún, ìyẹn kò kún ṣíbí ìmutíì kan.

Omi inú ìkòkò sì ni ọ̀rọ̀ náà dá lé. Lọ́dọ̀ àwọn ará gúúsù, omi ẹ̀fọ́ kì í ṣe ohun ìdànù: wọ́n ń bù ú mu nínú ife, wọ́n ń fi búrẹ́dì àgbàdo jẹ ẹ́. Lọ́dún 1931, Huey Long, gómìnà Louisiana, àti ìwé ìròyìn Atlanta Constitution jiyàn lórí bóyá kí ènìyàn máa ti búrẹ́dì náà bọ omi ni tàbí kó rún un sí i, gbogbo orílẹ̀-èdè sì ń gbọ́. Wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń ṣìkẹ́. Gíráàmù 100 ewé tútù ní nǹkan bíi mílígírámù 35 fítámì C. Bí a bá bọ̀ ọ́ tí a sẹ́ omi rẹ̀ kúrò, nǹkan bíi 18 ló kù. Iná pa díẹ̀ nínú èyí tó sọnù, ìyókù wà nínú omi. Àwa Yorùbá máa ń bọ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, a ó sì fún omi rẹ̀ dànù, èyí kò sì burú, torí tẹ̀tẹ̀ ní oxalate púpọ̀, èròjà tí kì í jẹ́ kí ara rí kálísíọ̀mù gbà dáadáa, omi sì ń gbé apá kan nínú rẹ̀ lọ. Ti kọ́láàdì kò pọ̀, ara sì ń rí kálísíọ̀mù rẹ̀ gbà dáadáa. Kò sídìí tí a ó fi da omi tirẹ̀ nù, àfi bí iyọ̀ bá ti bà á jẹ́. Òṣùwọ̀n tí mo máa fi díwọ̀n ìkòkò kọ́láàdì nìyí: ṣé ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lè mu ife omi rẹ̀ kan láìbẹ̀rù?

Ó ṣeé ṣe, kò sì ṣòro. Ẹ fọ ewé náà nínú omi mẹ́ta, torí iyanrìn máa ń sá pamọ́ sínú ìṣẹ́po rẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ewé kọ̀ọ̀kan po, kí ẹ fa igi àárín rẹ̀ yọ. Ẹ lè gé igi náà wẹ́wẹ́ kí ó ṣáájú wọ ìkòkò. Ẹ to ewé léra, ẹ ká a, ẹ rẹ́ ẹ tín-ín-rín. Ẹ da òróró ṣíbí méjì sínú ìkòkò, ẹ dín àlùbọ́sà títí etí rẹ̀ á fi pọ́n, kì í ṣe kó kàn rọ̀, torí pípọ́n yẹn ló ń mú adùn tó jinlẹ̀ wá dípò ti ẹran. Aáyù tẹ̀ lé e, ata gbígbẹ tẹ̀ lé e, pẹ̀lú ṣíbí kan pàpíríkà tí wọ́n fi èéfín yan, òun ló ń dá òórùn èéfín padà. Bí olú gbígbẹ bá wà, ó dára gan-an. Ẹ wá máa da ewé sí i díẹ̀díẹ̀, kí omi má bò ó, ẹ dé e fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ìparí ni fínígà wà fún: bó bá tètè wọ inú ìkòkò, ewé kò ní tètè rọ̀, àwọ̀ rẹ̀ á sì ṣá. Ẹ tọ́ ọ wò lẹ́yìn fínígà kí ẹ tó mú iyọ̀, nítorí kíkan máa ń jẹ́ kí ahọ́n rò pé iyọ̀ ti wà níbẹ̀. Ìlàjì ṣíbí ìmutíì tó fún ìkòkò ẹni mẹ́fà. Ẹ má sì yọ òróró pátá nítorí ìlera, torí fítámì K àti èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A kì í gba ara wọlé dáadáa bí ọ̀rá díẹ̀ kò bá sí.

Àwọn kan á ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kéré. Ní Minas Gerais ní Brazil, ewé kan náà ni wọ́n máa ń rẹ́ bí òwú, tí wọ́n á fi aáyù àti òróró yí lórí iná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tí wọ́n á sì fi jẹ feijoada, ẹ̀wà dúdú tí wọ́n fi ẹran sè. Nítorí náà, kì í ṣe ewé ló ń béèrè wákàtí mẹ́ta. Ṣùgbọ́n èmi kò ní bá ẹni tó fẹ́ kó rọ̀ jà. Bí omi rẹ̀ bá dára, tí wọn kò sì dà á nù, àkókò kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ogún ìran: pé bí ẹlẹ́dẹ̀ bá kúrò, kì í ṣe oúnjẹ àwọn bàbá wa mọ́. Kò yẹ ká fọwọ́ rọ́ ọ̀rọ̀ yìí sẹ́yìn. Edna Lewis, ọmọ abúlé Freetown ní Virginia, tí àwọn ẹrú tó gba òmìnira dá sílẹ̀, fi The Taste of Country Cooking ti ọdún 1976 bu iyì fún oúnjẹ yìí, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Elijah Muhammad, aṣáájú ẹ̀sìn kan láàárín àwọn dúdú Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn nínú How to Eat to Live lọ́dún 1967: ó kọ ẹlẹ́dẹ̀, ó sì kọ ewé náà pẹ̀lú rẹ̀. Ní tèmi, ó da ohun rere nù mọ́ búburú. Bryant Terry, tó kọ Vegan Soul Kitchen lọ́dún 2009, mú ewé náà, ó sè é kíákíá pẹ̀lú omi ọsàn àti èso àjàrà gbígbẹ, kò sì sí ẹni tó lè ní kì í ṣe ọmọ ilé. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lè gbà láìsí ẹran lè rẹ ègé kékeré sínú omi mọ́jú, kó bọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, kó da omi àkọ́kọ́ nù, kó tó fi sínú ẹ̀fọ́. Irú ègé kékeré bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ìwọ̀n tí Douglass kọ sílẹ̀ ju odindi kókósẹ̀ méjì tí wọ́n ń sè lóde òní lọ. Bí wọ́n bá sì ní àwọn àgbà jẹ ẹ́, wọ́n sì dàgbà, àwọn àgbà yẹn ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko, wọn kì í sì í mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò lójoojúmọ́.

Ẹni tó ń lo oògùn warfarin nítorí dídì ẹ̀jẹ̀ ní láti bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀, torí fítámì K inú ewé yìí pọ̀ gan-an. Kó má fi ẹ̀fọ́ sílẹ̀ lójijì, kó má sì ṣàdédé jẹ ẹ́ ní ìlọ́po, ìwọ̀n kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń fẹ́. Ó ku ti owó. Ọ̀pọ̀ àdúgbò tálákà níbẹ̀ kò ní ọjà tó ń ta ewé tútù, inú agolo ni wọ́n ti ń rí i rà, oníyọ̀ sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Ewé inú yìnyín sàn jù ú lọ, torí wọn kì í sábà fi iyọ̀ sí i. Níbi tó bá jẹ́ agolo nìkan ló wà, kí wọ́n sẹ́ omi inú rẹ̀ dànù, kí wọ́n fi omi tútù ṣan ewé náà dáadáa, kí wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti orí àlùbọ́sà àti aáyù.