Ọ̀rọ̀-ìperí fún Ìlera Ọmọ Ẹja Àrọ̀ Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Rà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ bóyá ara ọmọ ẹja àrọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún sísìn le tàbí kò le. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìwé nìkan. Ẹja kan tí ó ń ṣàìsàn lè kó o ran gbogbo ẹja inú adágún, kí owó olówó sì bá omi lọ.

Èdè wa kò ṣàìní ọ̀rọ̀ fún yíyẹ ẹja wò. Ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tí ó fẹ́ ra ẹja sísè a máa wo ẹyinjú rẹ̀ bóyá ó mọ́, a sì ní ẹja náà tutù. Ìkòkò ọbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wà fún. Ní Ìkòròdú, láti Agric dé Odogunyan níbi tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó dá ọgbà ìsìn-ẹja sí, ẹni tí ó ń ra ọmọ ẹja láti sìn gbọ́dọ̀ wo ìrìn rẹ̀ àti bí ó ti ń mí.

Níhìn-ín ni ìṣòro wà. Bí ògbufọ̀ bá kọ ọ́ pé ẹja tí ó ń wá mí lókè omi kò gbádùn, òótọ́ ni ó sọ nípa epìyà, tí ó ń fa ọ́síjìn rẹ̀ láti inú omi. Àrọ̀ (Clarias gariepinus) kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó ti ní ẹ̀yà kan nínú orí, tí ó pẹ̀ka bí igi, tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí ó bá yọjú, tí ó gbá afẹ́fẹ́ mu, tí ó sì padà sísàlẹ̀ kíá, kò sí àìsàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá nàró sójú omi, tí ó gbé ẹnu sókè, tí kò sì sá nígbà tí a na ọwọ́ sí i, ó ń ṣàìsàn ni, tàbí kí omi náà má dára.

A dá a lábàá pé kí a pe ti àkọ́kọ́ ní ìyọjúmí, kí a sì pe ti èkejì ní ìnàrómí. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ì- ni a fi ṣẹ̀dá wọn láti ara yọjú mí àti nàró mí, gẹ́gẹ́ bí ìpadàbọ̀ ti wá láti ara padà bọ̀.

Kí olùkọ́ má sì dá ẹjọ́ lórí ìmí nìkan. Kí ó wò ó bóyá irùngbọ̀n 8 tí àrọ̀ ní pé, bóyá lẹbẹ rẹ̀ kò ya, àti bóyá kò sí ohun funfun bí òwú lára rẹ̀. Ìrìn àjò pẹ̀lú a máa dá ẹja lágara. Kí a kọ́kọ́ gbé ọ̀rá tí a fi kó wọn wá lé omi, títí ìgbóná omi méjèèjì yóò fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí a tó dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti àtijọ́.

Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì. Èyí tí ó kù fún àwa onímọ̀ èdè ni kí a gbé ọ̀rọ̀ tí a bá ṣẹ̀dá lọ sí etí adágún, kí àwọn olùsìn-ẹja yẹ̀ ẹ́ wò, kí a tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé.