Kọ́ńpáàsì Lọ́ńdọ̀nù Dé Tamale

Bí èèyàn bá ra kọ́ńpáàsì ní Lọ́ńdọ̀nù, tó gbé e dé Tamale ní àríwá Gánà, tó sì gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì, ohun tó máa rí lè yà á lẹ́nu. Orí pupa abẹ́rẹ́ rẹ̀ á kọjú sí àríwá bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n orí yẹn á gbé sókè, ìdí á sì tẹ̀ sílẹ̀, bí ìgbà tí ọmọdé àti àgbàlagbà bá jókòó sí ìkángun pákó kan náà. Nígbà mìíràn ìdí abẹ́rẹ́ á tilẹ̀ máa ha ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀, kò ní lè yí mọ́. Kọ́ńpáàsì náà ò bàjẹ́ o. Ilẹ̀ ibòmíràn ni wọ́n ṣe é fún ni.

Abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì ò ju irin òòfà tín-ín-rín lọ, tí wọ́n gbé lé ṣóńṣó kan kó lè máa yí fàlàlà, tí wọ́n sì fi omi òróró yí ká kó má baà máa gbọ̀n jù. Òòfà wà nínú ayé fúnra rẹ̀ náà. Ní nǹkan bí 2,900 kìlómítà sísàlẹ̀ ibi tí à ń tẹ̀, irin yíyọ́ ń ru gùdù, rírú rẹ̀ ló sì ń bí agbára tó ń fa abẹ́rẹ́. Agbára yìí kì í fà á sí àríwá nìkan. Ó tún máa ń fà á wọlẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, igun tó fi ń fà á wọlẹ̀ lé ní dígírì 60, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe kọ́ńpáàsì fún ilẹ̀ Yúróòpù fi ń fi ìwọ̀n díẹ̀ sí ìdí abẹ́rẹ́ kí orí má baà tẹ̀ba. Ṣùgbọ́n ìlà kan wà tó yí ayé ká, tí òòfà ayé kì í fa nǹkan wọlẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ìlà yẹn ò jìnnà sí Tamale. Abẹ́rẹ́ ò nílò ìwọ̀n kankan níbẹ̀ kó tó dùbúlẹ̀ gbalaja, ìwọ̀n tó gbà á là ní Lọ́ńdọ̀nù ló sì ń dà á láàmú.

Ilé-iṣẹ́ Silva ti ilẹ̀ Sweden máa ń kọ MN, ME tàbí MS sára ọjà wọn láti fi ibi tí wọ́n ṣe é fún hàn. ME ni ti agbègbè ìlà yìí. Ó yẹ kí olùrà wò ó kó tó sanwó.

Ìyanu abẹ́rẹ́ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní 1796, Ali tó jẹ́ olórí ní Ludamar fi òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Mungo Park, sí àhámọ́, wọ́n sì gba ẹrù rẹ̀, tòun ti kọ́ńpáàsì. Ali fẹ́ mọ ìdí tí irin kékeré yìí fi ń kọjú sí aṣálẹ̀ ńlá ṣáá. Àlàyé rẹ̀ ò ṣeé ṣe fún Park, ló bá ní ìyá òun ló ń gbé lẹ́yìn aṣálẹ̀, pé níwọ̀n ìgbà tí ìyá náà bá wà láàyè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni irin náà yóò máa júwe. Ali yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ibì kan náà ni. Ẹ̀rù bà á, ó dá a padà fún olówó rẹ̀. Irọ́ ni Park pa, ṣùgbọ́n irọ́ tó mọ́gbọ́n wá ni.

Ohun kan ṣoṣo ni kọ́ńpáàsì mọ̀: àríwá. Kò mọ Tamale, kò mọ ibi tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ ń lọ. Máàpù ló mọ ìyẹn. Ká ní ẹnìkan fẹ́ fẹsẹ̀ rìn gba inú ọ̀dàn láti Tamale lọ sí Daboya, ìlú àwọn ahunṣọ létí odò White Volta, láìgba títì, láìwo fóònù. Bí wọ́n bá fa ìlà tààrà, nǹkan bí 60 kìlómítà ni. Lórí máàpù oníwọ̀n 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 2 ló dúró fún kìlómítà kan, ìrìn yìí á sì gùn tó sẹ̀ǹtímítà 120. Ìwé kan ò lè gbà á, àfi kó to bíi mélòó kan pọ̀.

Á gbé etí kọ́ńpáàsì lé ìlà tó fà, á yí òrùka rẹ̀ títí àwọn ìlà inú rẹ̀ á fi bá ìlà àríwá máàpù dọ́gba, á sì ka nọ́ḿbà: bíi dígírì 284, ìyẹn ìwọ̀-oòrùn tó yà díẹ̀ sí àríwá. Lẹ́yìn náà á gbé e sí iwájú àyà, á yí gbogbo ara rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ nìkan, títí orí pupa á fi wọ ilé tí wọ́n yà fún un. Ibi tó kọjú sí báyìí ni ọ̀nà. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kéèyàn máa tẹjú mọ́ abẹ́rẹ́ bó ṣe ń rìn. Ó sàn kó mú igi òrí kan lókèèrè tó bọ́ sí ìlà náà, kó rìn dé ìdí rẹ̀, kó tún wọn òmíràn. Àdá àti fóònù ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí irin àdá àti òòfà inú ẹ̀rọ ohùn fóònù lè yí abẹ́rẹ́ lọ́kàn padà.

Ìṣòro ibẹ̀ tún nìyí: àríwá abẹ́rẹ́ àti àríwá máàpù kì í sábà jẹ́ ọ̀kan náà. Wọ́n máa ń kọ ìyàtọ̀ wọn sí etí máàpù, ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ló ń yí. Gordon Guggisberg darí iṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní, láti 1905 sí 1908, kó tó wá ṣe irú rẹ̀ ní Gúúsù Nàìjíríà; ẹni tó bá mú máàpù ayé ìgbà yẹn, tó lo nọ́ḿbà etí rẹ̀ lónìí, ti ṣìnà kó tó gbéra.

Oòrùn ńkọ́? Ní àárín April àti ìparí August, ó máa ń dúró gangan sókè orí Tamale lọ́sàn-án, òjìji èèyàn á kó sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kò sì ní lè fi ọ̀nà hàn án. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku tún lè bo igi tí arìnrìn-àjò fẹ́ fi ṣàmì.

Àwọn oníṣòwò Yorùbá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìgbẹ́tì àti Ṣakí, tí wọ́n pọ̀ ní Tamale kí òfin ìjọba Busia ní Gánà tó lé wọn ní 1969, ò nílò gbogbo èyí. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà, ojú ọ̀nà tí èèyàn wà ni wọ́n sì ń gbà. Nínú ọ̀dàn, ta ni wọ́n fẹ́ bi?

Bí nọ́ḿbà bá fi dígírì kan péré ṣì, lẹ́yìn 60 kìlómítà ó ti di kìlómítà kan àti díẹ̀; dígírì 5 á ju kìlómítà 5 lọ. Kò sí ẹni tó lè rìn tààrà tó bẹ́ẹ̀ nínú koríko tó ga ju èèyàn lọ. Nítorí náà ẹni tó gbọ́n kì í kọjú sí Daboya gan-an. Á mọ̀ọ́mọ̀ yà díẹ̀ sí ọ̀tún, sí àríwá ìlú náà. Nígbà tó bá já sí White Volta, tí kò rí ilé kankan, kò ní máa bi ara rẹ̀ bóyá òkè ni tàbí ìsàlẹ̀. Á yí sí òsì, á sì máa bá ìṣàn omi lọ títí yóò fi rí ọkọ̀ ojú omi àwọn ará Daboya.