Àdírẹ́sì Àwọn Olùtọrẹ Jẹ́ Àmáànà: Bí A Ṣe Ń Tò Wọ́n ní Ọ̀wọ́ Ọ̀wọ́ Nínú Ímeèlì



Ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù, áyà 271 nínú Súrátul-Baqarah kọ́ wa pé kò sí aburú nínú kí ènìyàn ṣe sàárà ní gbangba, ṣùgbọ́n èyí tí a bò ló sàn jù. Báwo wá ni ẹgbẹ́ tó ń gba sàárà náà yóò ṣe jẹ́ ẹni tí yóò tú u síta?

Inú àpótí To ni àṣírí ti sábà máa ń tú. Bí akọ̀wé bá to àdírẹ́sì 200 síbẹ̀, tàbí sínú Cc, gbogbo wọn ni yóò rí ara wọn. Ẹni tí kò fẹ́ kí aládùúgbò mọ̀ pé òun ń gbọ́ bùkátà ọmọ òrùkàn ti di mímọ̀. Opó tó ń gba owó oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ náà ti di mímọ̀. Lẹ́tà bẹ́ẹ̀ kò sì ṣeé kó padà mọ́. Àdírẹ́sì ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ sí To, kí ẹ kó ti àwọn ènìyàn sínú Bcc.

Àwọn kan rò pé bí àdírẹ́sì bá ti wà lábẹ́ orúkọ ọ̀wọ́ kan, ó ti bò nìyẹn. Rárá o. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà ni orúkọ ọ̀wọ́ náà ń ràn lọ́wọ́. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí To, gbogbo àdírẹ́sì inú rẹ̀ ni yóò hàn. Inú Google Contacts, Label ni wọ́n ń pè é: ẹ ó mú àwọn ènìyàn náà, ẹ ó sọ Label wọn lórúkọ, ẹ ó sì kọ orúkọ yẹn sínú Bcc nínú Gmail. Gmail ọ̀fẹ́ kì í gbà ju ènìyàn 500 lọ nínú lẹ́tà kan.

Bí a ṣe ń pín wọn ló ṣe pàtàkì jù lójú tiwa. Ẹ pín àwọn tó ń yọ sàká ní oṣù tí ọdún owó wọn ń pé. Ọdún òṣùpá fi nǹkan bí ọjọ́ 11 kéré sí ọdún òyìnbó, nítorí náà ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní Rajab, Rajab ni tirẹ̀ títí, bí oṣù òyìnbó tilẹ̀ ń yí. Bí gbogbo ìrántí bá jẹ́ ti Ramadan nìkan, ẹni tí ọdún owó rẹ̀ pé ní Safar yóò ti jẹ gbèsè fún oṣù mélòó kan.

Kí àwọn tó ń ṣe sàárà ní ọ̀wọ́ tiwọn. Ìsọ̀rí 8 tó wà nínú áyà 60 Súrátut-Tawbah ni sàká wà fún. Sàárà gbòòrò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ òrùkàn pàápàá, àìní rẹ̀ ló ń mú un jẹ nínú sàká, kì í ṣe ikú bàbá rẹ̀ nìkan.

Ìròyìn nípa ọmọ kan, pàápàá èyí tó ní àwòrán tàbí orúkọ ilé ìwé rẹ̀, kì í ṣe lẹ́tà ọ̀wọ́. Ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ọmọ náà nìkan ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí.

Bí ẹnìkan bá ní òun kò fẹ́ lẹ́tà mọ́, tàbí ó papò dà, ẹ wo gbogbo ọ̀wọ́, torí ẹnìkan lè wà nínú mẹ́ta. Ó máa ń dun ẹbí bí ìrántí sàká bá dé sórí fóònù olóògbé. Kí àkójọ náà sì wà nínú ímeèlì ẹgbẹ́, kì í ṣe ti akọ̀wé. Lọ́jọ́ tí akọ̀wé bá yí padà, kí a yí password náà padà pẹ̀lú.